Ìwé Atúmọ̀ Èdè Kan fún Odindi Ilé Ẹ̀kọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé kí Japan tó ṣílẹ̀kùn fún àwọn òyìnbó, àwọn ọ̀dọ́ kan níbẹ̀ ti ń ka ìwé ìṣègùn lédè Dutch, èdè ilẹ̀ Netherlands. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká wo Tekijuku, ilé ẹ̀kọ́ tí dókítà Ogata Kōan dá sílẹ̀ ní Osaka ní 1838. Gírámà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ gidi dé: ìjókòó ìkàwé, ẹ̀ẹ̀mẹfà lóṣù. Kálukú á fọwọ́ da ìwé tó fẹ́ kà kọ, á sì wá ìtumọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Èèwọ̀ ni kó bi ẹlòmíràn. Ìwé atúmọ̀ èdè ńlá kan ṣoṣo, àfọwọ́kọ, ló wà fún gbogbo wọn, nínú yàrá tirẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà wà: bí ìjókòó bá ku ọ̀la, èrò á bò ó, wọn ò sì ní sùn mọ́jú. Ẹni tó bá gba ipò kìíní níbi ìjókòó wọ̀nyí fún oṣù mẹ́ta ló ń gòkè sí kíláàsì tó kàn. Nínú yàrá tí wọ́n ń sùn, ẹní kan péré ni àyè ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni tó mọ̀wé jù ló sì ń kọ́kọ́ yan tirẹ̀. Ti ẹni ẹ̀yìn lè bọ́ sí ẹnu àtẹ̀gùn, kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lóru.

Ohun tó bani nínú jẹ́ jù ni ti 1859. Fukuzawa Yukichi, akẹ́kọ̀ọ́ wọn tẹ́lẹ̀, dé Yokohama, èbúté tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí fún àwọn òyìnbó, kò sì lè ka àkọlé ìsọ̀ àwọn òyìnbó: Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń lò. Kíá ló bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì látilẹ̀, gírámà Dutch tó ti mọ̀ sì ràn án lọ́wọ́ púpọ̀.