CPU Mẹ́rin Ni Mo Bèèrè, Kí Ló Dé Tó Jẹ́ Ọ̀kan Ló Ń Ṣiṣẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ kernel (ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) kékeré kan fún x86 (irú CPU ti Intel), QEMU, ìyẹn ètò tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà, ni mo fi ń dán an wò, TCG (apá QEMU tó ń túmọ̀ instruction) ni mò ń lò, mo sì fi -smp 4 sí i, ìyẹn CPU mẹ́rin. Mo ki printf (tó ń tẹ ọ̀rọ̀ jáde) bọ inú qemu_init_vcpu, ìyẹn function tí QEMU fi ń dá CPU kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ó jáde lẹ́ẹ̀mẹrin lóòótọ́. Àmọ́ tí mo bá fi gdb (ètò tí wọ́n fi ń wo inú ètò míì) wò ó, CPU#0 nìkan ló ń sọ pé running (ó ń ṣiṣẹ́), halted (ó dúró) ni mẹ́ta tó kù. Ṣé kóòdù QEMU ló bàjẹ́ ni àbí tèmi?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, kò sóhun tó bàjẹ́ nínú QEMU. Kí wọ́n dá CPU sílẹ̀ yàtọ̀ sí kó máa ṣiṣẹ́, ibẹ̀ gan-an ló ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Padà sínú function tó o ki printf sí yẹn, wàá rí i pé ńṣe ló sọ cpu->stopped di true, ó wá ní kí TCG bá CPU yẹn ṣí thread, ìyẹn okùn iṣẹ́ (kálukú lè ní tiẹ̀), ó wá dúró gbọn-in síbẹ̀, kò ní kúrò àfi tí thread yẹn bá fi cpu->created dá a lóhùn pé òun ti dé. Títí dé ibí yìí, kò tíì sí èyí tó ṣe instruction kankan nínú wọn!

Reset ló wá kàn. CPU tí index ẹ̀ jẹ́ 0 ni QEMU ń fi ṣe BSP (CPU tó máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀), á sọ halted àwọn yòókù di 1, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ojúlówó ẹ̀rọ Intel ṣe ń ṣe é, ẹyọ kan á bẹ̀rẹ̀ láti àdírẹ́sì 0xFFFFFFF0, àwọn tó kù á máa retí INIT àti SIPI (àmì méjì tí CPU kan fi ń jí òmíràn). SeaBIOS (BIOS tí QEMU ń lò) máa ń jí wọn díẹ̀ láti kà wọ́n, á tún dá wọn padà sínú hlt (instruction tó ń dá CPU dúró). Linux máa ń pè wọ́n fúnra ẹ̀, kernel tìẹ ni ò tíì pè wọ́n.

Torí náà kọ APIC ID (nọ́ńbà ìdánimọ̀) CPU tó ò ń pè sí àdírẹ́sì 0xFEE00310 ná, kó o tó wá kọ INIT sí 0xFEE00300, lẹ́yìn náà SIPI. Nọ́ńbà inú SIPI ló ń sọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀, tó o bá fi 0x08 sí i, 0x8000 nìyẹn, kóòdù 16-bit ló sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ o, torí real mode (ipò 16-bit ti x86) ló máa jí sí. Jọ̀ọ́, fún kálukú ní stack (apá memory tó ń fi nǹkan pamọ́ sí fúngbà díẹ̀) tiẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á máa kọ̀wé lé ara wọn lórí. Tó o bá ti ṣe é, tẹ info registers -a nínú monitor QEMU (ibi tí wọ́n ti ń pàṣẹ fún un), HLT=1 tó wà lára wọn á ti di HLT=0.