Kí ẹ tó pààrọ̀ 1024 sí 8192

Ẹ béèrè bóyá kí ẹ gbé buffer (àyè nínú mẹ́mórì tí dátà ń bọ́ sí) tí ẹ ń fún recv, àṣẹ tó ń gba dátà wọlé láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, láti báìtì 1024 lọ sí 8192, torí pé mẹ́sééjì tó bá gùn máa ń dé ọ̀dọ̀ server yín lábọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kan nọ́ńbà yẹn. Mo ti gba ọ̀nà yìí rí, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló jẹ mọ́ mi lọ́wọ́.

TCP, ìlànà tí dátà yín ń gbà rìn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ò mọ ohun tó ń jẹ́ mẹ́sééjì. Bí omi ẹ̀rọ ló ṣe ń da báìtì sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa mọ ìgbà tí korobá kan kún. Èmi náà sọ tèmi di 8192, ó sì lọ geere lórí kọ̀ǹpútà mi, torí orí ẹ̀rọ kan náà ni server àti client jọ wà. Ìgbà tí àwọn èèyàn ń lò ó láti ọ̀nà jíjìn ni wàhálà dé. Mo ní kó máa kọ iye tí recv ń dá padà sílẹ̀: 1460, 1460, 892. Mẹ́sééjì kan ṣoṣo nìyẹn o! 1460 yẹn ló máa ń ṣẹ́kù nínú báìtì 1500 tí Ethernet (nẹ́tíwọ́ọ̀kì oníwáyà) lè gbé nínú pákẹ́ẹ̀tì kan, lẹ́yìn tí IP (ìlànà àdírẹ́sì) àti TCP bá ti yọ tiwọn. Mo wá fi báìtì mẹ́rin síwájú mẹ́sééjì kọ̀ọ̀kan láti sọ bó ṣe gùn tó, mo sì ń pe recv nínú loop títí iye yẹn fi pé. Látìgbà náà, kódà bí mo fi buffer sí 7, ó máa ṣiṣẹ́, á kàn falẹ̀ ni.

UDP, ìlànà mìíràn tó ń fi pákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ lọ́tọ̀, ló yàtọ̀: pákẹ́ẹ̀tì tó bá ju buffer yín lọ, gígé ni wọ́n máa gé e, ìyókù sọnù nìyẹn.

16 KB ni mò ń lò báyìí. Iye yòówù kí ẹ mú, ẹ fi iye àwọn tó máa wọlé lẹ́ẹ̀kan náà sọ ọ́ di púpọ̀. Mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 1 MB rí, mo sì ń fi òdo kún gbogbo rẹ̀ kí n tó lò ó. Nígbà tí wọ́n fi máa tó 4,000 lórí ẹ̀rọ tó ní 4 GB, kernel, ìyẹn apá Linux tó ń pín mẹ́mórì fún gbogbo ètò, pa server náà. 16 KB fún iye èèyàn yẹn ò ju nǹkan bí 64 MB lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni SO_RCVBUF, ìyẹn buffer tó wà lọ́dọ̀ kernel fúnra rẹ̀. Mo fi sí 64 KB, mo rò pé mò ń ràn án lọ́wọ́. Linux máa ń sọ iye tí ẹ bá fún un di ìlọ́po méjì fún ìnáwó tirẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó burú níbẹ̀ ni pé kò ní lè mú buffer náà tóbi sí i fúnra rẹ̀ mọ́. Ẹni tí pákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń gba 160ms láti lọ kó sì bọ̀ kò lè fi fáìlì ránṣẹ́ sí mi ju nǹkan bí 400 KB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bó ti wù kí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yá tó. Ìlà kóòdù kan péré ni mo pa rẹ́, ara tù ú. Bó bá di dandan kí ẹ fi iye kan sí i, ẹ fi bí íntánẹ́ẹ̀tì yín ṣe yá tó sọ àkókò àlọ àti àbọ̀ di púpọ̀: 100 Mbps pẹ̀lú 80ms jẹ́ 1 MB. Kí ẹ sì ṣe é kí ẹ tó pe listen, àṣẹ tó ń mú kí server máa retí àwọn tó fẹ́ wọlé.

Fún tòní, ẹ kọ iye tí recv dá padà fún mẹ́sééjì mẹ́wàá tó gùn sílẹ̀, kí ẹ fi hàn mí pẹ̀lú loop yín.