Kí o tó forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ nípa obìnrin àti jẹ́ńdà

Àbúrò mi, o béèrè bóyá ó bọ́gbọ́n mu kí ẹni tó gboyè nínú iṣẹ́ ọ̀gbìn lọ gba oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ nípa obìnrin àti jẹ́ńdà (ìyẹn ipò tí àwùjọ fi akọ àti abo sí), níbi tí wọ́n ti pa ìtàn, òfin, ìlera, lítíréṣọ̀ àti ìmọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá pọ̀ sójú kan. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni èmi náà ti gba ọ̀nà yẹn. N kò kábàámọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fi odidi ọdún kan pẹ́ ju àwọn ẹgbẹ́ mi lọ, ó sì yẹ kí o mọ ìdí rẹ̀.

Àwọn obìnrin tó ń ṣe gàrí ní abúlé tó yí wa ká ni mo ṣèwádìí nípa wọn. Mo gbé ìwé ìbéèrè dání gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe nídìí ọ̀gbìn, ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè náà sì ni pé: “Ta ni ó ń pàṣẹ lórí owó gàrí yín, ẹ̀yin ni tàbí ọkọ yín?” Ọ̀pọ̀ wọn dáhùn pé ọkọ ni. Mo kà wọ́n, mo ṣírò wọn, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọkùnrin ló ń darí owó náà. Nígbà tí mo padà lọ dúpẹ́, ìyá kan nawọ́ sí obìnrin tó jókòó ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, ó ní, “Ọkọ mi nìyí, òun ló ń bá mi tọ́jú owó.” Ọmọ agbo ilé náà ni obìnrin yẹn. Bẹ́ẹ̀ àwọn ìyàwó ilé wa ti ń pe èmi fúnra mi ní ọkọ wọn kí n tó pé ọmọ ọdún 6! Gbogbo ìṣirò mi di òfo lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn èyí ni mo wá fara balẹ̀ ka The Invention of Women, tí Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, gbé jáde ní ọdún 1997, níbi tí ó ti sọ pé láàárín àwọn Ọ̀yọ́ àtijọ́, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n fi ń to ènìyàn, kì í ṣe akọ àti abo. N kò gba gbogbo rẹ̀ wọlé, nítorí àwọn obìnrin tí mo bá sọ̀rọ̀ mọ̀ dájú pé ọkọ tó fẹ́ wọn lè dá wọn dúró nílé lọ́jọ́ ọjà, èyí tí ọkọ tó jẹ́ obìnrin kò lè dán wò. Síbẹ̀, ìwé náà ló kọ́ mi láti yẹ ọ̀rọ̀ wò kí n tó ka iye ẹni tó sọ ọ́. Mo yí ìbéèrè mi padà: “Bí ẹ bá ta gàrí, ọwọ́ ta ni owó ń kọ́kọ́ dé, ta sì ni ó lè ní kí ẹ má ná an?” Nígbà náà ni wọ́n tó ń ya bàbá àwọn ọmọ wọn sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ọkọ yòókù.

Àwọn alábòójútó mi méjèèjì tún dá kún ìdádúró náà. Ọ̀kan ní òǹkà ni òun fẹ́, èkejì ní ìtàn ẹnu àwọn ìyá náà ni kí n gbà sílẹ̀, ẹni kọ̀ọ̀kan sì ń fa ohun tí ẹnìkejì fọwọ́ sí ya fún oṣù púpọ̀. Ẹ̀kọ́ tó pa ẹ̀ka ìmọ̀ pọ̀ máa ń rí bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ló sì máa ń wà láàárín wọn. Nítorí náà, kí o tó bọ́ sí abúlé kankan, jẹ́ kí àwọn tìrẹ jókòó pọ̀ nínú yàrá kan ṣoṣo, kí wọ́n fọwọ́ sí ọ̀nà ìwádìí rẹ lórí ìwé kan náà, kí o sì mú ẹ̀dà rẹ̀ dání.