Èsì: Àbá òfin C-289 ò dòfin ní Kánádà, àmọ́ ẹ má parọ́ fún báǹkì o

Rárá ẹ̀gbọ́n, ẹni tó sọ fún yín pé wọ́n ti ń fi C-289 mú èèyàn ní Kánádà ò sọ òótọ́. Wọ́n dìbò ta ko àbá yẹn nílé aṣòfin, ibẹ̀ ló já sí. Adam Chambers, ọ̀kan lára àwọn aṣòfin Kánádà, ló gbé e wá, ó fẹ́ kó di ẹ̀ṣẹ̀ nínú òfin ìwà ọ̀daràn téèyàn bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ irú ẹni tó jẹ́ fún báǹkì.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé káàdì ayédèrú tàbí orúkọ ẹlòmíì lèèyàn fi gbowó, òfin tó ti wà tẹ́lẹ̀ á mú un.

Ti owó mọ́tò tẹ́ ẹ tà yẹn tẹ́ ẹ fẹ́ fi sí báǹkì, tó bá ti tó 10,000 dọ́là káàṣì, báǹkì gbọ́dọ̀ fi tó FINTRAC, iléeṣẹ́ ìjọba Kánádà tó ń ṣọ́ owó tí kò mọ́, létí, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o, ẹ ṣáà mú ID àti rìsíìtì dání. Ẹ má lọ pín in sí 4,000 láàárọ̀, 6,000 nírọ̀lẹ́, wọ́n á rò ó pọ̀ ni, ìyẹn ló sì máa jẹ́ kí wọ́n fura sí yín.