Àparò Pípa Láìsí Ajá: Kí Ló Pa Ajá Rẹ Ná?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàárọ̀ o, Dókítà. Ìsẹ́yìn ni mò ń gbé, àgbàdo àti ọkà bàbà ni mò ń gbìn, mo sì ń fi ọdẹ díẹ̀díẹ̀ kún un. Ajá kan ṣoṣo tí mo ní kú lójijì lóṣù tó kọjá. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ń gbọ̀n, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti kú. Láti ìgbà náà, mi ò rí àparò pa mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, pé àgbàdo tí òun rẹ sínú oògùn kòkòrò lòun fi ń pa tòun, ó tiẹ̀ ti fún mi ní méjì rí. Ó ní tí a bá ti yọ ìfun àti iwe rẹ̀ dànù, tí a sì fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ẹran náà, kò séwu. Ṣé òótọ́ ni, sà? Àbí ọ̀nà mìíràn wà téèyàn fi lè pa àparò láìní ajá?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, mo bá ọ kẹ́dùn ajá rẹ. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé, lẹ́tà kẹrin rèé tí mo máa gbà lórí àgbàdo olóògùn yìí. Bí ọ̀rọ̀ mi bá wá le, kì í ṣe ìwọ nìkan ni mò ń bá wí.

Kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ajá kúrò ńlẹ̀. Ta ló sọ fún ọ pé ajá ló ń pa àparò? Ajá ọdẹ tiwa, ọ̀yà niṣẹ́ rẹ̀, òkété niṣẹ́ rẹ̀, ehoro náà ń bẹ níbẹ̀. Tó bá kan àparò, ṣe ni ọ̀pọ̀ ajá wa ń ba nǹkan jẹ́ fún olówó wọn. Ajá á sáré ṣíwájú, ṣaworo ọrùn rẹ̀ á máa dún, àparò á ti fò lọ kí ọdẹ tó gbé ìbọn sókè. Ajá mẹ́ta ni bàbá mi ní, ọdẹ paraku sì ni wọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń lọ sóko àparò, wọ́n á so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́lẹ̀ sílé. Ibi tí ajá ti wúlò ni wíwá èyí tí ọta bà tó sì sá wọ koríko. Màá padà síbẹ̀.

Májèlé ló ká mi lára.

Ọ̀rẹ́ rẹ ní inú ìfun àti iwe ni oògùn náà wà. Jọ̀ọ́, bá mi rò ó. Àparò ṣa àgbàdo jẹ. Àgbàdo kọ́kọ́ dúró nínú àpò oúnjẹ tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó bọ́ sínú iwe, ó dé ìfun. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni májèlé dúró sí, àparò ì bá ṣì máa fò káàkiri oko. Ohun tó pa á ni pé májèlé ti kúrò nínú ìfun, ó ti wọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbé e dé ọpọlọ, dé ẹ̀dọ̀, dé ọkàn, dé itan àti igẹ̀ tí o fẹ́ dín. Èyí tí o yọ dànù, èyí tí kò tíì ṣiṣẹ́ ni. Èyí tó ti ṣiṣẹ́ wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ rẹ.

Iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ ńkọ́? Yíyọ̀ àti òórùn ara ẹran ni wọ́n ń fọ̀. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ ti gbé wọnú ẹran, wọn ò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Iná ìdáná náà, má gbẹ́kẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó lè dúró nídìí ààrò kó sọ pé ó ti jó tán.

Oògùn méjì ló pọ̀ jù nínú ìwà yìí. Èkíní ni oníhóró bí iyanrìn, carbofuran lorúkọ rẹ̀, hóró kan ṣoṣo sì tó láti pa ẹyẹ kékeré. Èkejì ni olómi, dichlorvos, òun ló sábà máa ń wà nínú ohun tí gbogbo wa ń pè ní ọ̀tapiápiá. Ìgò kékeré rẹ̀ tó ń jẹ́ 100 ml ni NAFDAC fòfin dè ní 2019 nítorí bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣì í lò. Ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà pani. Iṣan ara máa ń gba iṣẹ́ tí ọpọlọ bá rán sí i. Tí iṣẹ́ bá ti jẹ́ tán, ohun kan wà nínú ara tó máa ń pa ìránṣẹ́ náà rẹ́ kí iṣan lè sinmi. Cholinesterase ni àwa ń pè é. Òun gan-an ni àwọn oògùn yìí ń dè lọ́wọ́. Iṣan ò wá ní mọ ìgbà tí yóò sinmi mọ́: itọ́ á máa dà, ojú á máa ṣomi, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ á máa bọ́, ara á máa gbọ̀n, títí tí èémí á fi tán. Bí wọ́n ṣe ń pa kòkòrò nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń pa àparò nìyẹn. Ti èèyàn kò yàtọ̀, kìkì pé ara wa tóbi jù, ó ń fẹ́ kó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń jẹ itan àparò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ṣé ara tìẹ ló ní?

Mo mọ èsì tó ń bọ̀: “A ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́, a ò kú.” Mo gbà. Ṣùgbọ́n orí fífọ́, èébì, inú rírun àti òógùn tó bò ọ́ lóru ọjọ́ tí o jẹ ẹ́, kí lo pè é? Ibà lo pè é, o lọ ra oògùn ibà. Àwọn mìíràn á ní ayé ni.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn kan, ọkùnrin kan gbé ajá méjì wá bá mi lórí ọ̀kadà, àpò ìrẹsì ló fi wé wọn. Ọ̀kan ti kú lọ́nà. Èkejì ṣì ń mí, ṣùgbọ́n itọ́ ti rin àpò náà gbindingbindin, ẹran itan rẹ̀ sì ń ta bí ẹni pé nǹkan ń rìn lábẹ́ awọ. Nígbà tó bì, mo fi igi tú èébì náà wò: ìfun ẹyẹ, ìyẹ́ méjì tó láwọ̀ bí ilẹ̀ gbígbẹ, àti hóró àgbàdo mẹ́rin tó ti di àwọ̀ àlùkò. Mo bi ọkùnrin náà bóyá ó mú àparò wálé. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ẹran rẹ̀ dà. Ó ní ìyàwó òun ń sè é lọ́wọ́. Èmi fúnra mi ni mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ tí mo bá obìnrin náà sọ̀rọ̀. Ajá kejì yè, lẹ́yìn abẹ́rẹ́ atropine àti àìsùn òru kan. Ìfun tí wọ́n dà sẹ́yìnkùlé ni àwọn ajá náà jẹ.

Ìwọ náà wá dá mi lóhùn: àparò méjì tí ọ̀rẹ́ rẹ fún ọ, níbo lo da ìfun rẹ̀ sí?

Mi ò rí òkú ajá rẹ, nítorí náà mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé májèlé ló pa á. Àrùn dìgbòlugi náà máa ń mú kí itọ́ dà lẹ́nu ajá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ mélòó kan ló sábà máa ń fi hàn kí ajá tó kú, kì í sábà jẹ́ òru kan ṣoṣo. Síbẹ̀, bí ajá yẹn bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, tàbí tí itọ́ rẹ̀ kan ojú egbò ẹnikẹ́ni kó tó kú, kí onítọ̀hún lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ìwòsàn lónìí. Kó má dúró dìgbà tí ara á máa ṣe é, torí tí dìgbòlugi bá ti fara hàn lára èèyàn, ẹ̀pa kì í sábà bóró mọ́.

Ẹ tún gbọ́ eléyìí, gbogbo ẹ̀yin tó ń kàwé yìí: epo pupa kì í ṣe ẹ̀rọ̀ májèlé. Ẹni tó bá jẹ tàbí mu oògùn kòkòrò, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí dúdú ojú rẹ̀ sún kì bí orí abẹ́rẹ́, ẹ má rọ epo sí i lọ́nà ọ̀fun, ẹ má sì ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu kó lè bì. Epo àti èébì lè gba ibi èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, wàhálà á wá di méjì. Bí oògùn bá ta sí i lára, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi omi àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ má sì jẹ́ kó kan ẹ̀yin náà. Ẹ jẹ́ kó fi ẹ̀gbẹ́ kan dùbúlẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì mú ìgò tàbí páálí oògùn náà dání kí dókítà lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹranko ni èmi ń tọ́jú o; ti èèyàn, ọ̀dọ̀ dókítà èèyàn ni.

Igún náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tó ti dàgbà, ẹ rántí bí igún ṣe máa ń kún ọjà ẹran nígbà kan. Láti 2015 ni wọ́n ti kọ irú igún tiwa yìí mọ́ àwọn ẹ̀dá tó sún mọ́ píparun pátápátá lágbàáyé, májèlé sì wà lára ohun tó ń pa wọ́n. Òkú tí igún bá jẹ kò ní sọ fún un pé olóògùn lòun.

Ó dáa, àparò rẹ.

Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí o jáde, tàbí láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lọ, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kórè ọkà bàbà. Dúró létí oko kí o kọ́kọ́ tẹ́tí. Akọ rẹ̀ máa ń han gburugburu bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ pákó gbígbẹ, orí òkìtì ọ̀gán tàbí orí ebè ló sì máa ń dúró sí. Àwọn àgbà ní kò sí àparò tó ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Ọdẹ ni kó máa gbọ́ ọ lọ́nà tirẹ̀: orí ebè ni kí ojú rẹ kọ́kọ́ lọ.

Ẹsẹ̀ rẹ ni ajá rẹ. Ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń ṣe ni pé ẹ̀ ń yára, ẹ sì ń rìn tààrà. Àparò fẹ́ràn ẹsẹ̀ ju ìyẹ́ lọ. Tó bá ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ láìdáwọ́dúró, ó mọ ibi tí o wà, á lúgọ kí o kọjá, tàbí kó gba poro sá lọ. Dídúró rẹ ló ń bà á lẹ́rù. Rìn ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yà sọ́tùn-ún díẹ̀, kí o wá dúró gbagidi. Ka ení dé ogún. Lọ́pọ̀ ìgbà, kí o tó ka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èyí tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ á rò pé o ti rí òun, á sì fò fìrì, ariwo ìyẹ́ rẹ̀ á já ọ láyà. Má yára yìnbọn. Kì í fò ga, kì í sì fò jìnnà. Ibi tí oko bá ti parí, tí ilẹ̀ gbalasa bá ti bẹ̀rẹ̀, ni kí o pẹ́ sí jù, torí ibẹ̀ ni poro ti ń tán mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Bí ẹ bá jẹ́ méjì, kí ẹnì kan dúró ní ìpẹ̀kun oko, kí èkejì máa bọ̀. Àmọ́ mo bẹ̀ yín, ẹ fohùn ṣọ̀kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ yìnbọn sí ẹyẹ tí kò tíì ga ju orí èèyàn lọ, ẹni tí kò bá sì rí èkejì rẹ̀ kò gbọdọ̀ yìn rárá.

Katiríìjì nọ́ńbà 5 tàbí 6 ti tó, kó má jìnnà ju mítà 30. SSG, katiríìjì ọta ńlá tí wọ́n fi ń pa ẹran ńlá, kì í ṣe ti ẹyẹ. Ṣakabùlà máa ń pẹ́ kó tó dún; tó bá jẹ́ òun lo ní, tó sì jẹ́ pé ìwọ nìkan lo wà lóko, dúró kí àparò wà nílẹ̀ kí o tó yìn.

Tó bá ti ṣubú, ibí yìí ni ajá ti ń wúlò, ibí yìí náà ni ẹni tí kò lájá ti gbọ́dọ̀ gbọ́n. Má gbójú kúrò níbi tó já sí. Fi fìlà rẹ kọ́ sórí igi níbi tí o ti yìnbọn, kí o rìn tààrà lọ. Tí o ò bá bá a, wo ìyẹ́ tó já sílẹ̀, kí o máa yí ibẹ̀ po, kí o sì ṣí ìdí koríko tó bá ki jù lọ wò. Èyí tí ọta bà lápá lásán á sáré. Má yìn sí òmíràn títí o fi máa rí èyí tó wà nílẹ̀. Èyí tó bá ń kó ọmọ kiri, fi í sílẹ̀.

Ìbọn gbọ́dọ̀ níwèé, ṣakabùlà náà wà nínú òfin. Ilẹ̀ Old Oyo National Park kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ yín, ọdẹ ṣíṣe kò sí níbẹ̀ rárá, ì báà jẹ́ àparò kan. Lásìkò tí a wà yìí, má gbé ìbọn wọ igbó láìjẹ́ kí Baálẹ̀, olóko àti àwọn Àmọ̀tẹ́kùn àdúgbò mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan náà bi mí láti South Dakota ní Amẹ́ríkà nípa pheasant, ẹyẹ tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí àparò. Ọgbọ́n ẹsẹ̀ kan náà ni, sà: ẹ rìn, ẹ dúró. Akọ nìkan ni wọ́n ń pa lọ́dọ̀ yín, mẹ́ta lóòjọ́. Bó bá jẹ́ pé físà onígbà díẹ̀ lẹ wà lórí rẹ̀, ẹ bi lọ́yà kí ẹ tó fọwọ́ kan ìbọn.

Àgbàdo olóògùn tó bá wà lọ́wọ́ rẹ ńkọ́, àbúrò mi? Má dà á sódò, má sun ún, má sì dà á sórí ààtàn tí adìẹ ń jẹ̀. Wọ ìbọ̀wọ́, kó o sínú ike tó ní ìdérí, kọ “májèlé” sí i lára gàdàgbà, gbé e síbi tọ́mọdé ò lè dé, kí o sì pe àwọn òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ yín kí wọ́n wá sọ ibi tí yóò gbà. Ọ̀rẹ́ rẹ ṣì ní tirẹ̀ nílé. Lọ bá a kí ilẹ̀ tó ṣú.