Kí ló ń mú kí jíà ọtomátíìkì Camry 1999 pẹ́ kí ó tó wọlé láàárọ̀?

Ẹ ní Camry tí ẹ ń gbé rìn láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ kì í tètè gbéra láàárọ̀ bí ẹ bá fà á sí D, àti pé ẹ́ńjìnì a máa ké sókè láìjẹ́ pé eré ọkọ̀ ń pọ̀ sí i. Ọ́ìlì jíà tí ó lọ sílẹ̀ ló sábà ń fa èyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan sọ jíà náà kalẹ̀ kí ẹ tó yẹ ọ́ìlì wò. Ẹ wa ọkọ̀ náà títí yóò fi gbóná, ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú láìpa ẹ́ńjìnì, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fa ọwọ́ jíà láti P dé L, ẹ dá a padà sí P, kí ẹ tó fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, kí ẹ nù ún, kí ẹ tì í bọlé, kí ẹ sì tún fà á yọ. Bí ọ́ìlì kò bá dé àmì HOT lára ọ̀pá náà, ẹ fi ọ́ìlì jíà tí à ń pè ní Dexron III kún un díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì wá ibi tí ó ti ń jò. Bí ọ́ìlì náà bá dúdú dípò kí ó pọ́n, tí ó sì ń rùn bí ohun tí ó jóná, àwọn àwo kílọ́ọ̀ṣì inú jíà ti jẹ. Títú u palẹ̀ tàbí ríra jíà tòkunbọ̀ ló kù.