Ọ̀wẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀

Ìyá Olóko ń dáhùn ìbéèrè yín láti oko rẹ̀ ní ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́

Ìyá Olóko,

Ẹ kú iṣẹ́ oko, mà. Ọmọ Òkè Ẹlẹ́rin ni mí, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ọmọ ọdún 34. Èmi, ìyàwó mi àti ìyá mi la jọ ń dáko ééka méjì tí bàbá mi fi sílẹ̀. Ẹ̀fọ́ la ń gbìn jù: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ilá, pẹ̀lú ata àti ẹ̀gẹ́ díẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ilé 18 ní àdúgbò wa gbà láti máa san ₦6,000 sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, kí a máa gbé apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún wọn ní gbogbo Sátidé. Owó yẹn la fi ra irúgbìn àti ẹ̀rọ tó ń fa omi.

Mo tún pe àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa àti àwọn ọmọ àdúgbò sí ọ̀wẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Mẹ́rìnlá ló wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, orin ni wọ́n ń kọ. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ó ku mẹ́ta, àbúrò ìyàwó mi sì ni ọ̀kan nínú wọn. Lọ́jọ́ kan wọ́n fa odindi bẹ́ẹ̀dì ewédú tu, wọ́n ní koríko ni. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, òjò ti lọ, apẹ̀rẹ̀ ń fúyẹ́. Ìyá kan gbé tirẹ̀ padà wá, ó ní òun kò sanwó nítorí ìdì tẹ̀tẹ̀ méjì. Ìyá mi ní kí n dá owó gbogbo wọn padà, kí n máa tà lọ́jà bí àwọn àgbẹ̀ yòókù. Ìyàwó mi ní kí n máa sanwó fún àwọn ọ̀dọ́. Owó ọ̀hún kò sí. Mà, kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Àgbẹ̀, Òkè Ẹlẹ́rin

Ọmọ mi, o kú ìrójú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìwé rẹ. Oko rẹ kò bàjẹ́ rárá. Orúkọ tí o pe iṣẹ́ náà ló ṣì ọ́ lọ́nà.

O ní o pè wọ́n sí ọ̀wẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Ta ló ń bẹ ọ̀wẹ̀ ní gbogbo Sátidé? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni bàbá mi ń bẹ ọ̀wẹ̀: ọjọ́ tí a bá fẹ́ kọ ebè iṣu, tàbí ọjọ́ tí a bá fẹ́ bo òrùlé. Ìyá mi á ti dìde lóru, á ti gbé omi ọkà kaná. Àwa ọmọ Ajílété tí í jẹ ọkà ká tó mu ẹ̀kọ yangan, a kì í fi ebi rán ọlọ́wẹ̀ lọ sílé. Tí oòrùn bá ti kan àtàrí, iṣẹ́ ti parí, wọ́n á jẹ, wọ́n á mu, oníkálukú á gba ilé rẹ̀ lọ, ó di ọdún mìíràn. Ọkùnrin tó ń fẹ́ ọmọ ẹni náà a máa kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá bá àna rẹ̀ ṣiṣẹ́ oko. Ọ̀wẹ̀ náà nìyẹn, wọn kì í sì í ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Àáró ló wà fún iṣẹ́ tí kì í tán. Àgbẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà á kó ara wọn jọ: òní oko tèmi, ọ̀la oko tìrẹ, ọ̀tunla ti lágbájá. Iye ebè tí o bá kọ fún mi ni èmi náà yóò kọ fún ọ. Bí o kò bá wá sí tèmi, n kò ní wá sí tìrẹ, kò sì ní í dìjà, nítorí gbogbo wa la mọ ìṣirò rẹ̀.

Ìwọ ti fi orúkọ ọ̀wẹ̀ gba iṣẹ́ àáró. Àwọn ọmọ yẹn ń wá, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tí kò lópin, kò sì sí ọjọ́ kan tí ìwọ yóò lọ sí oko tiwọn, nítorí wọn kò ní oko. Má pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Ó rẹ̀ wọ́n ni, wọn kò sì mọ bí wọn yóò ṣe sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n wọn.

Yà á sọ́tọ̀, ọmọ mi. Kó àwọn iṣẹ́ ńlá sí ọ̀wẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta péré lọ́dún. Èmi máa ń fi ọ̀kan sí oṣù Kẹta, kí òjò tó fìdí múlẹ̀, láti kọ bẹ́ẹ̀dì àti láti ru ajílẹ̀ wọ oko. Mò ń fi ọ̀kan sí ìgbà tí òjò bá sinmi díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, kí a lè palẹ̀ mọ́ fún ọ̀gbìn ìkejì. Ìkẹta ni ọjọ́ tí a máa wa ẹ̀gẹ́, tí a máa bó o, tí a máa rin ín. Kéde ọjọ́ náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago méje, kí ẹ sì ṣíwọ́ ní mọ́kànlá, bí iṣẹ́ bá tilẹ̀ kù. Pọ́n àwọn àdá rẹ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ̀kọ àti àkàrà ti gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ẹni àkọ́kọ́ tó dé. Mo ti rí oko tí wọ́n ti pe ogún èèyàn, tí ọkọ́ sì jẹ́ mẹ́fà. Àwọn mẹ́rìnlá tó dúró tí wọ́n ń wòran kò padà wá mọ́.

Ní ti iṣẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn mẹ́ta tó kù ni kí o mú. Pè wọ́n jókòó, kí o bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè ohun tó jẹ́ oko tirẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ máa ń wá bá mi bomi rin nọ́sìrì ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Nígbà tí bàbá rẹ̀ ń kọ́lé, èmi àti àwọn ọmọ mi méjì lọ bá wọn ru búlọ́ọ̀kù fún odindi ọjọ́ méjì. Láti ìgbà náà, kò pa Ọjọ́rú kan jẹ. Ọmọbìnrin kan ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá ní ilẹ̀ tí òun yóò ti gbin nǹkan tara òun lòun ń wá. Mo wọn bẹ́ẹ̀dì méjì fún un, ó ń ta ṣọkọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, àwa náà sì ń bá a ro ó. Ẹni tí kò bá ní ohun tí o lè bá a ṣe, jẹ́ kó ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀, kó sì gbé apẹ̀rẹ̀ lọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó sanwó. Ra ìwé kan. Kọ orúkọ, ọjọ́, wákàtí, àti ohun tí o ti san padà. Má fi sínú orí rẹ lásán, ọmọ mi.

Ewédú tí wọ́n fà tu kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ẹni tí kò dáko rí, má fi sídìí irúgbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Jẹ́ kó já ilá, kó ru omi, kó di ẹ̀fọ́. Má fọ́n ewédú káàkiri mọ́. Na okùn, gbìn ín sórí ìlà, kí ojú lè mọ ohun tó jẹ́ tiwa. Kí o tó gbìn ín, di hóró rẹ̀ sínú aṣọ, kí o tì í bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí o yọ ọ́, kí o tẹ́ ẹ sí ibòòji. Yóò hù lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní í máa yọ ọ̀kan lónìí, ọ̀kan lọ́tunla. Gbé àga fún ìyá rẹ sídìí ibi tí ẹ ti ń di ẹ̀fọ́, kó jẹ́ òun ni yóò máa kọ́ àwọn ọmọ náà. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ìwọ̀n ìdì ju tìrẹ lọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Má dá a padà. Ṣùgbọ́n kí lo sọ fún wọn lọ́jọ́ tí o gbà á? Bó bá ṣe apẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Sátidé lo sọ, wọ́n rò pé ẹ̀fọ́ làwọn ń rà ni. Ohun tí o bẹ̀rẹ̀ yìí kì í ṣe títà. Ní Japan, láti àwọn ọdún 1970, àwọn ìdílé ìlú tí ẹ̀rù kẹ́míkà inú oúnjẹ ń bà ti ń bá àgbẹ̀ dá májẹ̀mú bẹ́ẹ̀, teikei ni wọ́n ń pè é. Ní Amẹ́ríkà, oko méjì ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1986, ọ̀kan ní Massachusetts, èkejì ní New Hampshire. Ìlànà wọn ni pé ẹni tó sanwó sílẹ̀ yóò bá àgbẹ̀ pín èrè ọdún náà, yóò sì bá a pín àdánù rẹ̀, ó sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó sanwó.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ọdún kejì tí mo fẹ̀yìntì nídìí iṣẹ́ olùkọ́, ilé 12 ló sanwó sílẹ̀ fún mi. Mo ti fẹnu sọ pé tòmátì yóò wà nínú apẹ̀rẹ̀ wọn títí òjò yóò fi lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tòmátì mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ láti orí. Ewé rẹ̀ kò pọ́n, kò gbẹ, ó kàn sorí kodò bí ẹni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ òjò rọ̀ lánàá. Àrùn inú ilẹ̀ ni, kò sí oògùn tí mo lè fín sí i. Dípò kí n pe àwọn èèyàn mi, mo mú nínú owó ìfẹ̀yìntì mi, mo lọ ra tòmátì ní ọjà Sábó, mo kó o sínú apẹ̀rẹ̀, mo ní oko wa ló ti wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan nínú wọn rí mi níbi tí mo ti ń ná tòmátì. Kò sọ nǹkan kan lọ́jà. Alẹ́ ọjọ́ náà ló wá sílé mi, ó jókòó, ó ní, “Mà, ṣé ẹ rò pé nítorí tòmátì la ṣe sanwó fún yín ni?” Mo sunkún lójú rẹ̀. Ojú ń tì mí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Lọ́jọ́ kejì mo kó gbogbo wọn wá sóko, mo fi tòmátì tó kú hàn wọ́n. Ilé kan ló kúrò. Àwọn mọ́kànlá tó kù bá mi fà á tu, a sun ún, a gbin àgbàdo síbẹ̀. N kò tún fi tòmátì, ata tàbí ìgbá kan ilẹ̀ náà títí ọdún mẹ́ta fi pé.

Nítorí náà, lọ bá ìyá tó gbé apẹ̀rẹ̀ padà, lọ́sẹ̀ yìí, kí o mú ìyá rẹ dání. Má fi WhatsApp ránṣẹ́ sí i. Dọ̀bálẹ̀, kí o ní kó wá wo oko. Tó bá ṣì fẹ́ owó rẹ̀, fún un ní ti oṣù tó kù. Lẹ́yìn náà, kọ ojú ìwé kan fún gbogbo ilé, kí wọ́n rí ohun tí oṣù kọ̀ọ̀kan ń mú wá. Láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹta, ẹ̀ẹ̀rùn ni, má ṣèlérí ẹ̀fọ́ tútù ju bí àkùrọ̀ rẹ ti lè gbé lọ. Gàrí ni kí o kó sí i, èlùbọ́, orúnlá, ata gbígbẹ, ẹ̀wà. Ẹ̀yin sá ilá àti ata láti ìgbà tó bá pọ̀ jù. Tí káṣú àti máńgòrò bá dé, apẹ̀rẹ̀ á tún kún, ìlú wa ni Ògbómọ̀ṣọ́, a kì í wá máńgòrò tì. Ilé 18 sì pọ̀ jù fún èèyàn mẹ́ta. Mú un sí 12 títí tí àkùrọ̀ rẹ yóò fi dúró dáadáa.

Ìyá Olóko, ẹnì kan tó ń sin adìyẹ fún wa ní àpò ìgbẹ́ adìyẹ mẹ́wàá lọ́fẹ̀ẹ́. A dà á sídìí tẹ̀tẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ó sì jó o. Ṣé ká má gbà á mọ́ ni?
Ìyá Ìbejì, Awẹ́

Ẹ gbà á, ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tútù tí ẹ lò ó ló fà á. Ẹ kó o jọ sí ibòòji pẹ̀lú ewé gbígbẹ, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ máa yí i padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní bí oṣù méjì, tí ẹ bá ti ọwọ́ bọ àárín rẹ̀ tí kò gbóná, tí kò rùn mọ́, ó ti jinná. Ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó gbìn.

Mà, ọ̀kan nínú àwọn tó wá ràn wá lọ́wọ́ fi àdá ṣá ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó ní kò burú. Ṣé àwa ló yẹ ká tọ́jú rẹ̀?
Ọ̀dọ́ Àgbẹ̀, Ọ̀yọ́

Ẹ̀yin ni. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, kódà bí ojú ọgbẹ́ náà bá kéré, nítorí inú ilẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé. Owó yẹn, inú àpò oko ni yóò ti jáde. Láti ìsinsìnyí, ẹni tí kò bá wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ má fún un ní àdá, kí àyè ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sì wà láàárín ẹni méjì tó ń ṣán oko. Kó tó di Sátidé, ẹ lọ wò ó nílé, kí ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀fọ́ dání.